Ẹ̀rọ Olówó Gọbọi àti Òrùlé Tí Kábíyèsí Rí

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, ì báà jẹ́ pé wọ́n fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ mí lórí. Ọjọ́ Sátidé ni, ní Kabusa, létí Àbújá níbí. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú takisí nígbà tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, èmi nìkan á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn tí a jọ wọkọ̀ á sì máa sún mọ́ ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. N ò ní bu iyọ̀ kún un. Iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó.

Lápútọ́ọ̀pù kan ló fà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan ní Garki, nítòsí ọ́fíìsì wa. Ó tín-ínrín bí àwo pẹrẹsẹ, ojú rẹ̀ mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn. Kọ̀ǹpútà tí ìjọba fún wa ní ọ́fíìsì, bí o bá tàn án, o lè lọ jẹ mọ́ínmọ́ín kí o sì padà bọ̀, yóò ṣì máa bẹ̀ ọ́ pé kí o ní sùúrù. Èyí, bí o bá ṣe ń ṣí i ló ń jí. Àmọ́ ó ní ìwà kan: íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Kò gba àwọn iṣẹ́ ńláńlá tí èèyàn ń kó sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí o bá fẹ́ ṣe, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wàá ti ṣe é, ibẹ̀ náà sì ni àwòrán àti ìwé rẹ á máa gbé. Owó tí wọ́n dá lé e, èèyàn lè fi ra ògidì kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ohun gbogbo, kí ṣéńjì sì kù.

Tómi, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Àbújá la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ tó bá fẹ́ sọ ọ́, ńṣe ló dà bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn.

"Dádì, ṣebí bráwúsà lásán ni. Just bráwúsà! Fóònù yín náà ní bráwúsà."

"Fóònù mi ò lójú tó tóbi tó báyìí."

"Ojú nìkan lẹ wá fẹ́ rà?"

Ìyàwó mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá Tómi, tí ò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, kí ló ń ṣe?"

"Íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbi gbogbo. Olú-ìlú la wà o."

"Mo ní tí ò bá sí."

"Tí ò bá sí, á dúró dè é."

Ó ju òkúta ẹ̀wà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ fẹ́ ra àlejò wálé nìyẹn. Àlejò ló máa ń jókòó de ohun tí wọ́n máa gbé fún un."

Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í dá mi dúró, ńṣe ló máa ń tì mí síwájú. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo rà á. Láti ọjọ́ náà ni mo sì ti pinnu pé màá fi han gbogbo ilé wa ní Durumi pé owó mi ò ṣègbé. Orí ẹ̀rọ yẹn ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn, orí ẹ̀ ni mo ti ń wo ìwàásù, orí ẹ̀ ni mo ti ń wo bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, nígbà tí fèrèsé wà níwájú mi.

Èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá. Ní àkókò náà, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ká wa lára. Ìlú wa ò ní ilé ìgbẹ̀bí. Obìnrin tó bá ń rọbí, orí ọ̀kadà ni wọ́n á gbé e sí títí dé ìlú kejì. Inú mọ́tò akérò ni àbúrò mi obìnrin bí ọmọ rẹ̀ kejì sí, láàárín àpò gààrí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù kiri báyìí. Ẹgbẹ́ wa ti gbà láti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, ilẹ̀ ló kù. Ilẹ̀ ọjà àtijọ́ tó wà láàárín ìlú ló dáa jù, ọwọ́ Kábíyèsí ló sì wà. Àmọ́ olówó kan ti ń bẹ Kábíyèsí pé kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ yẹn láti fi kọ́ ilé epo.

Kábíyèsí ránṣẹ́ sí wa pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé ní Àbújá, àti pé nígbà tí àwọn bá ń padà lọ wọ bàlúù, àwọn á yà sọ́dọ̀ wa ní ilé Bàbá Ààrẹ, olórí ẹgbẹ́ wa, ní Kabusa. Kí a fi ilé tí a fẹ́ kọ́ han àwọn. Bó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, tiwa ni ilẹ̀. Bí kò bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, ilé epo ni.

Ọmọ ìlú wa kan tó ń yàwòrán ilé ní Ìbàdàn ti ya ilé náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Háà, àwòrán! Bí o bá fi ìka tì í, ilé náà á yí. Wàá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wàá rí ibi tí àwọn aboyún ń jókòó sí, wàá rí bẹ́ẹ̀dì, wàá rí kọ́tìnì lójú fèrèsé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lójú ẹ̀rọ mi, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo sọ fún ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi Kábíyèsí sílẹ̀ fún mi.

Nígbà tó ku ọ̀la, ìyàwó mi ní, "Ẹ ò ṣe jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí ẹ mú un dání?"

"Ìwé? Ilé tó ń yí ni kí n tẹ̀ sórí ìwé?"

Tómi ní, "Dádì, ẹ kúkú dáńlóòdù ẹ̀ sínú ẹ̀. Please."

"Bí mo bá dáńlóòdù ẹ̀, kí ni mo wá ra ẹ̀rọ yìí fún?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Èmi rò pé mo ti borí wọn ni.

Mo wọ agbádá funfun mi lọ́jọ́ náà, mo gbé ẹ̀rọ sí abíyá, mo kọrí sí Kabusa. Mẹ́gàdì tó ṣí géètì kí mi pé, "Sànnu, Alhaji." Mo ní, "Yauwa," mo wọlé bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn dání. Kábíyèsí ti dé. Wọ́n ti fi àga ńlá kan fún wọn ní igun fàráńdà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, àwọn àgbà jókòó yí wọn ká, àwọn ìyá wa sì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, wọ́n ní ìwọ ló ni ọ̀rọ̀ tòní." Mo ní, "Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Ẹ máa rí nǹkan."

Mo jókòó sẹ́yìn, mo ṣí ẹ̀rọ. Ó jí wàì bí ìṣe rẹ̀. Mo ní kó gba íńtánẹ́ẹ̀tì lára fóònù mi. Mo wo fóònù: kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òkùnkùn ló wà níbi tí ó yẹ kó wà. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo yá fóònù ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi, mo yá ti ẹni tó wà lósì. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Mo wá dìde, mo gbé ẹ̀rọ sókè lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ọgbà. Bí mo ṣe dé ìdí igi máńgòrò ni Màmá Bọ́lá, ìyá ẹgbẹ́, pariwo:

"Ẹ dúró, ẹ dúró! Akọ̀wé fẹ́ yà wá. Kí n tún gèlè mi ṣe."

"Mà, kì í ṣe fọ́tò ni—"

"Ẹ̀yin tẹ́yìn, ẹ jáde síwájú! Ìyá Dúpẹ́, bá ọmọ yẹn nu imú. Ó yá, Akọ̀wé, a ti ṣe tán."

Wọ́n ti tò, wọ́n ti fẹ eyín. Kí ni kí n ṣe? Mo gbé ẹ̀rọ dúró díẹ̀, mo ní, "Ó ti wọlé, mà."

"Fi tèmi ránṣẹ́ o! Lónìí o!"

Títí di òní ni wọ́n ṣì ń béèrè fọ́tò yẹn lọ́wọ́ mi.

Mo sá wọ ilé ìdáná lọ bá ìyàwó Bàbá Ààrẹ. "Mà, ẹ ṣàánú mi, níbo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wà nínú ilé yín?"

Ó rò ó. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa? Igun fàráńdà ló ń gbé. Lókè, níbi tí ògiri ti fẹ́ẹ́ kan òrùlé. Àwọn ọmọ máa ń gun àga na fóònù síbẹ̀."

Mo yọjú. Igun fàráńdà. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni Kábíyèsí jókòó sí.

Ẹni tó gbọ́n á ti padà. Ṣùgbọ́n mo rí ẹmẹsẹ̀ ọba tó ń wo aago, mo rí awakọ̀ tó ti wọnú mọ́tò, mo sì rántí ilé epo. Mo pinnu. Kábíyèsí kọ ẹ̀yìn sí ibi tí mo wà, wọ́n ń bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà oko. Mo rọra gbé àga oníke kan sẹ́yìn àga wọn, mo bọ́ bàtà, mo gùn ún. Mo na fóònù sókè. Ẹ gbọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé! Kékeré ni, àmọ́ ó dé. Mo gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, mo na apá kejì láti tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni agbádá ti já mi kulẹ̀. Apá rẹ̀ yọ́ kúrò ní èjìká mi, ó ṣàn sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sì bo Kábíyèsí mọ́lẹ̀ tadétadé.

Ohùn Kábíyèsí wá láti abẹ́ aṣọ: "Ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni?"

"Èèwọ̀!" Ẹmẹsẹ̀ fò dìde. "Ta ló gun orí ọba?"

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Ọba ò ṣeé dúró lé lórí. Ẹni tó bá wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pàápàá, bí ọba bá ń kọjá, sísọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa wá dúró sórí àga bí ẹyẹ lékèélékèé, mo fi agbádá bo ọba. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ àga oníke kán, mo ṣubú. Ìgúnpá ni mo fi gba ilẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà gbà á. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀: mo ń ṣubú, mo ṣì ń rántí iye tí mo rà á.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ forí jì mí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ń wá."

"Lórí mi?"

"Òkè orí yín ló ń gbé, Kábíyèsí."

Bàbá Ààrẹ gbé ọwọ́ lé orí. "Akọ̀wé, o pa wá!"

Àmọ́ Kábíyèsí ti jẹ́ olùkọ́ rí kí wọ́n tó jọba, ojú wọn ti rí ọmọ oríṣiríṣi. Wọ́n tún adé ṣe. Wọ́n ní kí ẹmẹsẹ̀ jókòó. "Ẹ jẹ́ ká rí ohun tó fẹ́ tìtorí ẹ̀ gbà mí ládé. Gbé e wá."

Mo fi orúnkún wọ́ lọ síwájú wọn, mo gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé! Láti òkè ló ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀. Òrùlé kọ́kọ́ jáde, ó pupa, ó ń dán. Lẹ́yìn náà, ó dúró. Nǹkan róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú rẹ̀.

Kábíyèsí wò ó, wò ó. "Òrùlé nìkan lẹ fẹ́ kọ́?"

"Rárá, Kábíyèsí, ilé ń bọ̀ lábẹ́ ẹ̀."

"Kí wá ni èyí tó ń yí yìí?"

"Ó ń ronú ni, Kábíyèsí."

"Kí ló ń rò?"

Awakọ̀ fọn fèrè. Kábíyèsí wo aago, wọ́n mí kanlẹ̀. "Akọ̀wé, ọkùnrin elépo yẹn gbé páálí wá bá mi láàfin. Ó fi kọ́ ilé kékeré, ó kùn ún. Ìwọ gbé òrùlé wá. Ó tó àkókò kí n máa lọ."

Wọ́n di ọwọ́ àga mú láti dìde. Àṣé báyìí ni ilẹ̀ máa ṣe lọ? Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde! Tí ẹ bá dìde, ẹ máa wó ògiri!"

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Kábíyèsí dúró, ìdajì wọn lókè, ìdajì nílẹ̀. "Ògiri wo?"

Mo pa ẹ̀rọ dé. Mo ti wo ilé yẹn títí mo fi mọ̀ ọ́n bí inú ilé mi, orí mi ló sì wà, kì í ṣe lójú òfuurufú. Mo fa àga oníke méjì, mo tò wọ́n. "Ẹnu ọ̀nà rèé, Kábíyèsí. Aboyún ti ọ̀nà yìí wọlé." Mo to ìgò mọ́ọ̀tì tí wọ́n ti mu tán nílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ. "Ògiri nìyí. Ibi yìí ni wọ́n ti máa gba káàdì. Màmá Bọ́lá, ẹ dákun, ẹ wá jókòó síbí, ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì." Mo gbé kúlà. "Ibi ìtọ́jú oògùn nìyí."

Bàbá Ààrẹ ní, "Akọ̀wé, ṣé ara ń yá ọ báyìí?"

"Bàbá, ẹ má mira. Ẹ̀yin ni táǹkì omi."

Ẹ̀rín bú sábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Ààrẹ sanra, ẹ ẹ̀ rí i, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi. Ẹmẹsẹ̀ pàápàá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kábíyèsí ti padà jókòó. Wọ́n wo ìgò tó yí wọn ká, wọ́n ní, "Yàrá tí obìnrin máa ti bímọ gan-an dà?"

Mo wo àga tí wọ́n jókòó lé. Ṣùgbọ́n a ti wọ odò tán, òtútù kò lè lé wa padà mọ́. "Kábíyèsí... inú ẹ̀ lẹ jókòó sí."

Ẹ̀rù bà mí ju ti ìgbà tí mo wà lórí àga lọ. Kábíyèsí wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ó dáa. Èmi ló kàn láti bí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì, ẹ tètè dé o!"

Màmá Bọ́lá dáhùn pé, "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Kábíyèsí, ó ti ń yọrí!" Ṣé ẹ mọ ẹ̀rín tí í mú kí èèyàn di ara ògiri mú? Òun ni a rín, títí dórí awakọ̀.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Kábíyèsí na ẹsẹ̀, bàtà wọn kan ìgò kan, ìgò ṣubú. Ojú wọn le padà. "Yàrá yìí há. Ẹni tó ń rọbí nílò àyè láti na ẹsẹ̀, ẹni tó ń gbà á nílò àyè láti yí. Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i." Wọ́n dìde, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. "Mo ti jókòó sínú ilé yín, ara mi sì gbà á. Kí elépo lọ wá etí títì kọ́lé sí. Ilẹ̀ ọjà àtijọ́ di ti àwọn tó ń bímọ."

Ariwo "Kábíyèsí o!" gba Kabusa kan.

Ọkọ̀ wọn ò tíì yọ ní géètì tán nígbà tí mo tún ṣí ẹ̀rọ ní igun fàráńdà. Kí ni mo rí? Ilé ti jáde pérépéré, ó ń yí, kọ́tìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé. Mo wá ẹni tí màá fi hàn. Kò sí ẹni tó yà sí mi, oúnjẹ ni wọ́n ń pín. Mẹ́gàdì nìkan ló tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Kai! Gida mai kyau!" Ó ní ilé náà dára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn.

Bí ẹ bá wá bi mí bóyá ó bọ́gbọ́n mu kí èèyàn kó owó ńlá lé ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, n ò ní purọ́ fún yín. Ní Garki, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣàn, mi ò tíì lo ohun tó dùn tó o. Ojú kì í ro mí, èjìká kì í ro mí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kíkà àti kíkọ lọ, tí kì í kúrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ká a, kó rà á. Kó ṣáà mọ̀ pé ẹwà àti ìrọ̀rùn lòun ń sanwó fún, kì í ṣe agbára. Àmọ́ ẹni tó bá máa ń dé Kabusa, tó máa ń dé abúlé, tí ọ̀rọ̀ ìlú sì wà lọ́rùn rẹ̀, kó béèrè ohun tí ẹṣin ń jẹ kó tó ra ẹṣin. Ohun tó bá sì ṣe pàtàkì sí ọ, má ṣe gbé e síbi tí apá rẹ ò ti ní tó o láìgun àga.

Wọ́n ní kí n tà á. Mo ní n ò tà. Mo rà á, màá lò ó títí bọ́tìnnì ẹ̀ á fi ká bí eyín arúgbó. Òun náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí lánàá ní Durumi. Mo kọ ọ́ dé ibi tí mo ti gun àga, inú mi ń dùn, kí n tó rí nǹkan róbótó yẹn tó ń yí. Ó tún ti ń ronú. Mo jókòó tì í, mo wò ó, ẹ̀rín pa mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Ìyókù, bíró ni mo fi kọ ọ́.